Gungurru, eucalyptus kékeré tó ń gbé orí àpáta: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ni gungurru, ṣé eucalyptus náà ni?

Eucalyptus ni o. Ẹbí kan náà ni òun àti èyí tí wọ́n gbìn káàkiri òkè Ọya tí wọ́n ń gé ṣe òpó àti igi ìdáná, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá to àwọn méjèèjì síra ẹ ò ní gbà. Gungurru kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ka ẹ̀ máa ń tẹ̀ wálẹ̀, àtẹ̀ka àtèso ẹ̀ sì funfun bí ẹni pé wọ́n da àtíkè sí i lára. Eucalyptus caesia ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè é, ọ̀dọ̀ àwọn Noongar ni orúkọ gungurru ti wá, àwọn ló ni ilẹ̀ apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà kí òyìnbó tó dé.

Oríṣi eucalyptus tó wà láyé lé ní 700, Ọsirélíà sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ti wá. Àwọn kan ga débi pé ọrùn á dun yín kẹ́ ẹ tó rí òkè wọn, bíi Centurion tó wà ní Tasmania, Eucalyptus regnans nìyẹn, ó tó mítà 100. Gungurru ní tiẹ̀, tó bá fi lè ga tó mítà 9 ó ti ṣe bẹbẹ nìyẹn, ọ̀pọ̀ tó wà nínú igbó kò tó bẹ́ẹ̀. Kì í sì ní ìtì kan ṣoṣo, láti ìdí ẹ̀ ni ìtì mẹ́ta mẹ́rin ti máa ń yọ, irú igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mallee lọ́hùn-ún.

Ibo ló ti ń hù?

Orí àpáta. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ àpáta nìkan o, orí ẹ̀ gan-an, nínú pàlàpálá àti kòtò tí iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ kó sí. Àdúgbò náà ni wọ́n ń pè ní Wheatbelt, lápá ìlà-oòrùn Perth, olú ìlú Western Australia, oko àlìkámà lọ súà títí ojú ò fi rí i mọ́, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú àpáta gíránáìtì kan á ti ta yọ láàárín oko. Ẹni tó bá ti dé Ìdànrè mọ irú àpáta tí mò ń sọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ tiwọn kò ga tó ti Ìdànrè, wọ́n kàn rọra wú sókè ni, ẹlòmíì á gun orí ẹ̀ tán kó tó mọ̀ pé òun ti ń gun òkè. Àpáta wọ̀nyẹn ti lé ní biliọ̀nù 2.5 ọdún, wọ́n wà lára ilẹ̀ tó dàgbà jù láyé.

Boyagin Rock, láàárín Brookton àti Pingelly, ni ibi tó rọrùn jù láti lọ wo gungurru. Òmíràn wà ní Chiddarcooping, lọ sí apá àríwá ìlà-oòrùn Merredin. Àpáta tó ní gungurru lórí kò pọ̀ rárá, ẹ lè gun àpáta tó wà nítòsí ẹ̀ tó jọ ọ́ délẹ̀ kẹ́ ẹ má rí ẹyọ kan.

Ta ló kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀?

James Drummond, ẹnì kan tó ń ṣa ewé àti hóró igi jọ ní Western Australia, ló já ewé àti èso ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, George Bentham, onímọ̀ nípa igi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá fún un lórúkọ lọ́dún 1867. Bentham yìí kò fẹsẹ̀ tẹ Ọsirélíà rí láyé ẹ̀, ewé gbígbẹ ni wọ́n ń kó bá a ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Àwọn Noongar ti mọ igi yìí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fi ránṣẹ́ síbì kankan, torí náà ìgbà yòówù kẹ́ ẹ bá kà pé wọ́n "ṣàwárí" ẹ̀, ẹ má kàn gbà á bẹ́ẹ̀.

Àpáta gbẹ, báwo ló ṣe ń rí omi mu?

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Òjò tó ń rọ̀ ní àdúgbò yẹn lọ́dún kan jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 300 sí 400, nígbà tí ti Ìbàdàn lé ní 1,200, ìgbà òtútù wọn ló sì máa ń rọ̀ jù, láti oṣù karùn-ún lọ dé oṣù kẹsàn-án. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti oṣù kejìlá, òkúta á gbóná débi pé ẹ ò ní lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Tí òjò bá rọ̀ sórí oko, ilẹ̀ á fà á mu, oòrùn á sì gba tiẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá rọ̀ sórí àpáta kò síbi tó máa wọlé sí, ṣe ló máa ń ṣàn, ibi tó bá sì là ló máa gbà lọ. Nítorí náà igi tó dúró nínú pàlàpálá yẹn kì í ṣe òjò tó rọ̀ sí i lórí nìkan ló ń mu, ó ń mu òjò tó rọ̀ sórí àpáta tó fẹ̀ jù ú lọ nígbà púpọ̀, gbòǹgbò ẹ̀ á wá tọ ojú ibi tó là yẹn wọ inú lọ síbi tó tutù, tí oòrùn ò lè dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìyà ń jẹ ẹ́ lórí òkúta, ibẹ̀ ló ti rí omi ju ọ̀pọ̀ igi tó wà nísàlẹ̀ lọ.

Àwọn Noongar náà mọ̀ pé omi wà lórí àpáta. Ihò tí omi máa ń dúró sí níbẹ̀, gnamma ni wọ́n ń pè é, òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń dé e kí oòrùn má fà á gbẹ kí ẹran má sì kó sí i kú. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ òyìnbó dé, àwọn náà mọ ògiri kúkúrú yí àwọn àpáta kan ká kí omi lè ṣàn sínú ìdídò wọn, ẹ lè rí irú ògiri bẹ́ẹ̀ lórí Wave Rock ní Hyden títí dòní.

Kí ni nǹkan míì tó ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀?

Pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ! Koríko kan wà tó ń jẹ́ Borya, ó máa ń rú pọ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́ tó wà lórí àpáta, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń pọ́n rúsúrúsú bí nǹkan tó ti kú pátápátá, ẹ fọwọ́ kàn án á gún yín, jẹ́ kí òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ padà wá wò ó, ewé kan náà yẹn ló máa tún tutù yọ̀yọ̀. Ó ti gbẹ, ó ti jí. Alángbá kan náà wà tí ara ẹ̀ pẹlẹbẹ, tó ń sá wọ abẹ́ ìpele òkúta tó bá ti rí èèyàn, tó bá sì jáde á bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí gbọ̀ngbọ̀n, kò sí ọmọ Yorùbá tó máa rí i tí kò ní rántí alángbá tó já láti orí ìrókò tó ń yin ara ẹ̀.

Wallaby orí àpáta náà ń bẹ láwọn ibì kan, ẹran tó ń fò bíi kangaroo ṣùgbọ́n tó kéré. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí àwọn òyìnbó kó wá láti Yúróòpù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ wọ́n tán. Lẹ́yìn 1980 ni Jack Kinnear, onímọ̀ nípa ẹran igbó, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi májèlé pa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ láwọn òkè bíi Mount Caroline, tí wọ́n fi àwọn òkè míì sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn wọ́n, níbi tí wọ́n ti pa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wallaby bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ padà. Májèlé yẹn gan-an, àwọn igi kan ní apá ibẹ̀ ní in lára láti ìṣẹ̀dá wọn, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn ẹran ìbílẹ̀ ibẹ̀ lè fara dà á ju ẹran àlejò lọ. Ó wù mí kí n sọ púpọ̀ lórí èyí àmọ́ igi la wá sọ.

Ẹ ṣàpèjúwe òdòdó ẹ̀ fún wa.

Mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń so, lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fì, ó kọjú sílẹ̀. Kó tó là, ọmọ òdòdó náà ní ìdérí kan tó ṣóńṣó lórí, òun náà sì funfun láti òkè délẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò nù ún, funfun yẹn á bọ́, àwọ̀ pupa tàbí ewéko tó wà lábẹ́ á hàn, ojú ìka yín á sì wà níbẹ̀ kò ní pa dé mọ́, torí náà ẹ rọra. Tó bá tó àkókò, ìdérí yẹn á ṣí bọ́ sílẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó pọ̀ rẹpẹtẹ á sì tú jáde, pupa tàbí píǹkì, orí okùn kọ̀ọ̀kan ní àtíkè yẹ́lò bíńtín. Kò ní pẹ́tálì rárá, okùn yẹn ni gbogbo ẹwà tẹ́ ẹ ń rí. Nínú oríṣi tó tóbi, òdòdó kan lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5.

Ẹ má sì gbàgbé èèpo ẹ̀. Pupa dúdú ni, ó máa ń là gbọọrọ láti òkè wá sílẹ̀, etí rẹ̀ á wá ká jọ, àárín ibi tó là yẹn á máa yọ àwọ̀ ewéko tuntun. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá lọ síbẹ̀ òdòdó nìkan ni wọ́n ń ya fọ́tò, èmi, tó bá jẹ́ èmi ni, èèpo yẹn ni màá kọ́kọ́ yà.

Kokoro ló ń gbé àtíkè òdòdó ẹ̀ kiri àbí afẹ́fẹ́?

Ẹyẹ ni. Kokoro náà ń wá o, ṣùgbọ́n ẹyẹ ló ń ṣe iṣẹ́ gidi. Àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní honeyeater, ahọ́n wọn rí ṣàkìṣàkì lórí bíi búrọ́ọ̀ṣì, omi dídùn inú òdòdó ni wọ́n ń lá, gungurru sì lawọ́ gan-an nípa omi yẹn. Ìgbà òtútù tó ń tanná yẹn, oúnjẹ míì ò pọ̀ nínú igbó, torí náà wọn á gbára lé e. Orí wọn á wá gba àtíkè yẹ́lò, wọ́n á gbé e lọ sídìí igi míì.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ DNA hóró inú èso ẹ̀ wò, wọ́n rí i pé àwọn hóró tó wà nínú èso kan ṣoṣo, bàbá wọn kì í ṣe ọ̀kan, bàbá pọ̀, àwọn kan nínú bàbá náà sì jìnnà. Ẹyẹ ló fa gbogbo ẹ̀.

Ṣé koala ń jẹ ẹ́?

Rárá. Apá ìlà-oòrùn àti gúúsù ìlà-oòrùn Ọsirélíà ni koala ń gbé nínú igbó, kò sí ní Wheatbelt.

Tí iná bá jó orí àpáta yẹn ńkọ́?

Iná kì í fi bẹ́ẹ̀ rọrùn láti dé ibẹ̀, òkúta lásán ò ṣeé jó. Ṣùgbọ́n tó bá dé, àwọn ìtì tó wà lókè á jóná, ìdí ẹ̀ tó wú tó ki, tí apá kan ẹ̀ wà nínú ilẹ̀, á ṣì wà láàyè, ibẹ̀ ni ọ̀mùnú tuntun á ti yọ. Ohun tó ń ṣe nìyẹn látayébáyé. Ìdí yẹn á máa fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, àárín ẹ̀ á kú, etí ẹ̀ á máa yọ ìtì, tó bá yá ẹ á rí ìtì tó tò yíká, ẹ á rò pé igi mélòó kan ni, nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ẹyọ igi kan ni. Nítorí náà ẹ má wo bí ìtì ẹ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ sọ pé ọmọdé igi ni. Ìtì ni ọmọdé, ìdí ni àgbà.

Ohun tó léwu ni kí iná máa jó lemọ́lemọ́, tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù látinú hóró kò fi ní ráyè ki nídìí kí iná míì tó dé.

Mo gbọ́ pé gungurru orí àpáta kan kì í jọ ti àpáta kejì, ṣé lóòótọ́ ni?

Tẹ́ ẹ bá fi ojú wò ó, ó jọra. Inú ẹ̀ ló yàtọ̀. Hóró ẹ̀ kò ní ìyẹ́ tí afẹ́fẹ́ máa gbé, kò sí ẹran tó ń gbé e mì lọ síbi tó jìnnà, ìdí ìyá ẹ̀ ló ń bọ́ sí. Àpáta kan sí èkejì lè jẹ́ ọ̀pọ̀ kìlómítà, ilẹ̀ tó wà láàárín sì kì í ṣe ibi tó lè hù sí, kódà kí oko tó dé. Torí náà ó ti pẹ́ tí igi àpáta kọ̀ọ̀kan ti ń gbé ayé tiẹ̀ lọ́tọ̀. Lọ́dún 1983 àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Gavin Moran àti Stephen Hopper, tẹ ìwádìí jáde lórí ẹ̀, wọ́n ní igi tó wà lórí àpáta kan náà sábà máa ń jọra púpọ̀, ṣùgbọ́n láti àpáta dé àpáta ìyàtọ̀ náà lágbára ju ti ọ̀pọ̀ eucalyptus tí wọ́n ti yẹ̀ wò lọ.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹ ò lè pa igi orí àpáta kan run kẹ́ ẹ wá sọ pé kò burú, ó ṣì wà lórí àpáta kejì. Èyí tó lọ ti lọ nìyẹn.

Kí wá ni Silver Princess?

Gungurru pín sí méjì. Èyí tó kéré ni subsp. caesia (subsp. ni wọ́n ń kọ fún ẹ̀yà tó wà lábẹ́ oríṣi kan), òun ló wà ní Boyagin. Èyí tó tóbi ni subsp. magna, Brooker àti Hopper ló ya á sọ́tọ̀ lọ́dún 1982, òdòdó ẹ̀ tóbi, èso ẹ̀ tóbi, ẹ̀ka ẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ gbuurugbu, òun ni àwọn tó ń ta òdòdó sọ ní Silver Princess. Tẹ́ ẹ bá wọ àdúgbò kan ní Perth tàbí Adelaide tàbí Melbourne ẹ máa rí i níwájú ilé, ó gbajúmọ̀ gan-an, àwọn kan ń gé èso ẹ̀ tó funfun yẹn fi ṣe ọ̀ṣọ́ inú ilé.

Tó bá pọ̀ lójú títì báyẹn, kí ló dé tí wọ́n tún fi ń sọ pé ó ṣọ̀wọ́n?

Torí igi tó wà níwájú ilé àti igi tó wà lórí àpáta kì í ṣe nǹkan kan náà, mo sì rò pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Nọ́sìrì máa ń mú hóró látara igi díẹ̀ tó lẹ́wà, á sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, gbogbo ìyókù tó wà lórí àwọn àpáta tó jìnnà síra kò sí nínú ẹ̀. Ẹ lè gbin Silver Princess kún gbogbo Ọsirélíà, kò ní fi ẹyọ kan kún àwọn tó wà ní Boyagin. Ìjọba Western Australia fi ẹ̀yà gungurru méjèèjì, caesia àti magna, sínú ìsọ̀rí Priority Four, ìyẹn àwọn igi tó ṣọ̀wọ́n tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́.

Ẹ tún wò ó, kí ló jẹ́ kó ṣẹ́ kù rárá? Àpáta ni. Wọ́n tu igbó Wheatbelt dànù láti fi gbin àlìkámà àti láti fi sin àgùntàn, kàtákátá gba ibi gbogbo kọjá, ibi tí ohun èlò ìtúlẹ̀ ò lè wọ̀ nìkan ló yọ. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fẹ́ràn gungurru ni wọ́n ṣe fi sílẹ̀. Òkúta ò ṣeé tú, ó tán.

Ìṣòro tó kù báyìí kì í ṣe kàtákátá mọ́. Òjò apá ibẹ̀ ti ń dín kù láti bíi 1970, koríko àlejò ń wọ inú pàlàpálá àpáta bá a du omi, ewúrẹ́ àti ehoro tó ti di ẹran igbó lè jẹ ọmọ igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Wọ́n ní eucalyptus máa ń fa omi ilẹ̀ gbẹ, ṣé kì í ṣe ohun tó dáa pé wọ́n gé wọn?

Ó ga o. Ní Wheatbelt òdìkejì ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Iyọ̀ pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, igi onígbòǹgbò gígùn ló ń fa omi mu tí omi abẹ́ ilẹ̀ kò fi ní gòkè. Nígbà tí wọ́n gé igi tán tí wọ́n gbin àlìkámà tí gbòǹgbò ẹ̀ kúrú, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń gbé iyọ̀ bọ̀, ibi tó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀ ti di ilẹ̀ iyọ̀ tí nǹkankan ò lè hù lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbin eucalyptus olóko ńlá síbi tí kì í ṣe ilé ẹ̀, ó lè fa omi jù lóòótọ́, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi igi tó wà nílé ara ẹ̀.

Ṣé òun ni wọ́n fi ń ṣe òróró inú róòbù?

Kì í ṣe òun. Eucalyptus globulus ni wọ́n sábà máa ń lò, àwọn ará Ọsirélíà náà ń lo mallee kan tó ń jẹ́ Eucalyptus polybractea. Ẹ má lọ máa se ewé gungurru mu o.

Mo lè gbìn ín ní Ìbàdàn? Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́?

Ìbàdàn, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Òjò ìgbà òtútù ló mọ̀, ooru tó gbẹ ló mọ̀, kò fẹ́ kí ooru àti òjò pàdé. Kódà láàárín Ọsirélíà fúnra ẹ̀, apá ìlà-oòrùn tí òjò ti ń rọ̀ nígbà ooru kò bá a lára mu tó Perth tàbí Adelaide. Lọ́ńdọ̀nù náà, òtútù dídì lè pa á, èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó níbẹ̀ ni Eucalyptus gunnii tó wá láti Tasmania, òun mọ òtútù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kalifọ́níà lẹ lè gbìyànjú, ojú ọjọ́ yín jọ ti Perth, wọ́n sì ń tà á láwọn nọ́sìrì ibẹ̀.

Ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí ló fẹ́. Tí ìtì ẹ̀ bá ń ṣubú kiri nítorí èso ẹ̀ tó wúwo, ẹ gé e wálẹ̀ nítòsí ilẹ̀, á tún yọ. Àwọn kan máa ń so ó mọ́ igi kó lè dúró ṣánṣán, mi ò mọ̀dí tí èèyàn á fi ra igi tó ń tẹ̀ kó wá máa bá a jà pé kó dúró.

Mo ń lọ sí Perth, ìgbà wo ni mo lè lọ wò ó, ṣé mo lè mú hóró ẹ̀ bọ̀?

Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án ni òdòdó ẹ̀ máa ń yọ. Boyagin ò jìnnà, ẹ lè lọ kẹ́ ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà, ẹ gbé omi dání, ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀ torí tí òjò bá ti rọ̀ orí àpáta yẹn máa ń yọ̀. Ẹ má tẹ Borya mọ́lẹ̀, ẹ má sì ṣí ìpele òkúta láti wá alángbá, tó bá ti fọ́ kò sí bó ṣe máa padà, ilé wọn nìyẹn. Hóró ńkọ́, ẹ má já a. Òfin Western Australia dáàbò bo gbogbo igi ìbílẹ̀ wọn, ẹni tó bá fẹ́ já nǹkan kan lórí ilẹ̀ ìjọba gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì. Ẹ ra ti nọ́sìrì, kò wọ́n, kẹ́ ẹ tó kó o wọ bàálù ẹ kọ́kọ́ bèèrè òfin kọ́sítọ́ọ̀mù ibi tẹ́ ẹ ń gbé e lọ.